Kọ́là ọrùn líle tí wọ́n wọ̀ fún mi: bó ṣe rí lára

Èyí tí mo lò ni wọ́n ń pè ní Philadelphia. Fóòmù ni, ike líle wà níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀ tó mú un dúró gbọn-in, ó sì pín sí méjì, okùn alámọ́ra ni wọ́n fi ń dè é pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn. Ihò kan wà níwájú, lọ́gangan gògóńgò, tí àwọn dókítà lè gbà tọ́jú ẹni tí wọ́n lu ihò sí lọ́fun kó lè mí. Èmi ò nílò ìyẹn, ṣùgbọ́n nínú ooru Ìbàdàn, mo dúpẹ́ pé ihò náà wà.

Tírélà ló gbá ọkọ̀ wa láti ẹ̀yìn lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́. Nínú eegun méje tó wà lọ́rùn èèyàn, ọ̀kan nínú tèmi sán, kò ṣá yẹ̀ kúrò láyè ẹ̀, apá àti ẹsẹ̀ mi sì ń ṣiṣẹ́. Dókítà ní kò la iṣẹ́ abẹ lọ, kọ́là líle ni màá wọ̀ tọ̀sán tòru títí eegun á fi jiná.

Àbúrò mi sáré lọ rà á ní ṣọ́ọ̀bù kan níta ilé ìwòsàn. Ẹni tó tà á kò bèèrè bí ọrùn ṣe gùn tó. "Free size ni," ló sọ. Bí wọ́n ṣe gbé e sí mi lọ́rùn báyìí, àgbọ̀n mi gòkè, òkè àjà ni mò ń wò. Ó yá, nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n yọ ọ́, ó ránṣẹ́ pe ọkùnrin kan ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá àti bẹ́líìtì ẹ̀yìn.

Ọkùnrin yẹn mọṣẹ́. Téèpù bíi ti télọ̀ ló mú wá. Ó wọn ìbú ọrùn mi yíká, ó tún wọn láti abẹ́ àgbọ̀n dé orí eegun àyà, ojú mi wà ní ọ̀gangan. Gíga kọ́là yìí máa ń jẹ́ bíi íǹṣì 2¼, 3¼ tàbí 4¼. 4¼ ni wọ́n tà fún wa, 3¼ sì ni tèmi. Bó bá ga jù, á ti orí sẹ́yìn. Bó bá kúrú jù, àgbọ̀n á máa yọ̀ wọnú ẹ̀, a jẹ́ pé ọ̀ṣọ́ lásán lèèyàn wọ̀ sọ́rùn.

Irun mi ló kàn. Mo ti dirun alátáṣímẹ́ǹtì sílẹ̀ de òde ìgbéyàwó, ó wá dì gẹlẹtẹ sí ìpàkọ́, apá ẹ̀yìn kọ́là kò ráyè jókòó. "Mummy, ẹ má bínú, irun yìí á lọ o." Nọ́ọ̀sì di orí mi mú, àbúrò mi ń fi sísọ́ọ̀sì gé e. Owó irun yẹn ṣì ń dùn mí. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n yí gbogbo ara mi lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ti apá ẹ̀yìn sábẹ́ ọrùn, wọ́n wá fa apá iwájú láti àyà gòkè títí àgbọ̀n fi jókòó sínú ẹ̀. Wọ́n fa okùn ọ̀tún àti tòsì kí wọ́n dọ́gba. "Ẹ gbé itọ́ mì. Ẹ sọ̀rọ̀. Ṣé kò fún yín lọ́fun?" Wọ́n tún ya X-ray mi pẹ̀lú rẹ̀ lọ́rùn.

Fóòmù rẹ̀ kì í fa omi. Bí wọ́n bá fọ̀ ọ́, tówẹ̀lì lásán ló máa gbẹ ẹ́, ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n òógùn náà kò rí ibi lọ, ara ló ń dúró sí. Lójoojúmọ́ ni ọmọ mi obìnrin ń tú apá iwájú nígbà tí mo bá dùbúlẹ̀ gbalaja, á nu ọrùn mi, á yẹ abẹ́ àgbọ̀n, ìpàkọ́ àti eegun èjìká wò bóyá ó pọ́n. Ẹ má fojú kékeré wo ibi tó bá pọ́n tí kò tètè lọ, egbò ló ń di.

Oúnjẹ ńkọ́? N ò rí abọ́ mi. Ewédú fà wọnú ihò iwájú yẹn lọ́jọ́ tí mo dánrawò, ẹ̀bà àti ẹran gígé ni mo yáa gbà. Ìjókòó ni mo ń kírun. Mo lè kúnlẹ̀ kí àgbà, n ò kàn lè tẹrí ba. Àwọn ará àdúgbò sì ti sọ mí di olóṣèlú: "Alhaja, ṣé EFCC ló ń wá yín ni?"

Níbi iṣẹ́ dídi ọrùn mú, kọ́là yìí kò já mi kulẹ̀. Okùn rẹ̀ ni n kò gba tiẹ̀: ó ń kó irun àti òwú aṣọ jọ, kò sì pẹ́ tó fi dẹ́kun àtilẹ̀ mọ́ra, n ò sì rí okùn nìkan rà. Kọ́là líle mìíràn tí wọ́n ń pè ní Miami J ní tìmùtìmù inú tó ṣeé yọ fọ̀, tó ṣeé fi òmíràn pààrọ̀. Ó wọ́n ju èyí lọ dáadáa, àmọ́ bí dókítà bá ti sọ pé ẹ máa wọ̀ ọ́ pẹ́, tí owó sì wà, òun ni kí ẹ bèèrè.