VLF tàbí PI: èwo ló yẹ fún wíwá ọta ìbọn àtijọ́ nílẹ̀ Àríwá?

Ẹ̀yin ará wa l'Ábújá tẹ́ ẹ fẹ́ ra ẹ̀rọ tó ń wá irin nínú ilẹ̀, oríṣi méjì tí à ń sọ nìyí: VLF, tó ń rán ìgbì sínú ilẹ̀ láìdáwọ́ dúró, àti PI, tó ń rán an ní ìdákúrekú. VLF kò wọ́n tó PI, ohùn rẹ̀ sì máa ń ya ìṣó sọ́tọ̀ kúrò lára òjé àti idẹ. Àmọ́ ilẹ̀ pupa wa yìí ń dà á láàmú. Á kàn máa ké lórí yangí lásán. PI fara da ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń gbọ́ ohun tó jìn, ṣùgbọ́n gbogbo irin ló ń ké sí.

Burmi, ní ìpínlẹ̀ Gombe, níbi tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti pa Sultan Attahiru ti Sókótó ní 1903, ibi ọ̀wọ̀ ni: ẹ má gbẹ́ ẹ láìgbàṣẹ NCMM, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àti ibi ìrántí.

Etí abúlé tí pàǹtí irin pọ̀ sí, VLF ni kẹ́ ẹ mú. Pápá gbalasa tí yangí kún, PI.