Kafé, bouchon, brasserie tàbí ọkọ̀ ojú omi: ibo ló yẹ kí owó yín lọ ní ìlú Lyon?

Ní Lyon, nílẹ̀ Faransé, irú ilé tí ẹ bá wọ̀ ló máa pinnu iye tí ẹ máa san, ohun tí ẹ máa rí jẹ, àti bóyá wọ́n á tilẹ̀ gbà kí ẹ jókòó láìjẹun. Kafé yàtọ̀ sí bouchon (ilé oúnjẹ ìbílẹ̀ Lyon), bouchon yàtọ̀ sí brasserie (ilé oúnjẹ ńlá tí àyè pọ̀ nínú rẹ̀), bẹ́ẹ̀ ni ilé kọfí ìgbàlódé tí àwọn fúnra wọn ń pè ní coffee shop kò jọ ọ̀kankan nínú wọn. Àlejò tó bá lọ síbi tí kò yẹ lágogo tí kò yẹ lè fi ebi sùn, nílùú tí Curnonsky, òǹkọ̀wé nípa oúnjẹ, pè ní olú ìlú oúnjẹ lágbàáyé lọ́dún 1935.

Iye tí ẹ máa bá pàdé jù láàárín ìlú rèé. Yúrò ni gbogbo rẹ̀.

| Irú ilé | Ohun tí ẹ rà | Iye rẹ̀ |
|---|---|---|
| Kafé, lórí ìdúró ní kántà | kọfí kékeré | 1.50 sí 2.20 |
| Kafé, tábìlì ìta | kọfí kékeré kan náà | 2.50 sí 3.50 |
| Coffee shop | kọfí onímílíìkì | 4 sí 5.50 |
| Bouchon, ọ̀sán | oúnjẹ alábala mẹ́ta (ìbẹ̀rẹ̀, oúnjẹ gan-an, ìpanu dídùn) | 22 sí 30 |
| Brasserie | àwo oúnjẹ kan | 18 sí 28 |
| Ilé bíà | bíà 50 cl | 6 sí 8 |
| Ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n sọ di ilé ọtí | bíà 50 cl | 7 sí 9 |

Kafé: kántà tàbí tábìlì?

Ife kọfí kan náà, láti inú ẹ̀rọ kan náà, lè ní iye méjì tàbí mẹ́ta. Ẹni tó dúró mu ún nídìí kántà ló ń san owó tó kéré jù. Ẹni tó jókòó sínú ilé máa fi díẹ̀ lé e, ẹni tó sì jókòó síta tó ń wo àwọn tó ń kọjá ló ń san jù. Kì í ṣe ìrẹ́jẹ o. Òfin Faransé ní kí wọ́n lẹ iye owó síbi tí oníbàárà ti lè rí i, nínú ilé àti níta, ẹ sì máa rí "comptoir" (kántà), "salle" (inú ilé) àti "terrasse" (ìta) lórí rẹ̀. Ohun tó ń dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ni kí èèyàn ra kọfí ní kántà, kó wá rọra gbé e lọ jókòó síta. Wọ́n á ní kó padà tàbí kó san ìyókù.

Ẹ kí wọn kí ẹ tó béèrè ohunkóhun. "Bonjour" lọ́sàn-án, "Bonsoir" tó bá di ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó kàn nàka sí ẹ̀rọ kọfí láìkí ẹnikẹ́ni máa pẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó dá a lóhùn, a ò sì lè bá wọn wí lórí ìyẹn.

Tí ẹ bá ní "un café", ife kékeré tó le ni wọ́n máa gbé wá, kò ju ẹ̀ẹ̀mẹta tí èèyàn máa fi ẹnu kàn án lọ. "Un allongé" ni èyí tí wọ́n fi omi gbígbóná kún. Tó bá jẹ́ mílíìkì díẹ̀ lẹ ń fẹ́ nínú rẹ̀, ẹ béèrè "une noisette". Tó bá jẹ́ ife ńlá tí mílíìkì pọ̀ dáadáa nínú rẹ̀, "un grand crème". Àwọn tó ń mu tíì ni ọ̀rọ̀ wọn ṣòro. Omi gbígbóná àti àpò tíì nìkan ló máa ń dé orí tábìlì. Àfi kí ẹ béèrè mílíìkì, tútù ni wọ́n sì máa fún yín. Mílíìkì inú agolo tí a mọ̀ nílé, ẹ má wulẹ̀ wá a.

Ẹni tó bá fẹ́ kafé tó lẹ́wà kó lọ sí Grand Café des Négociants, nítòsí ibùdó mẹ́trò Cordeliers, tó ti wà láti 1864. Dígí ńláńlá àti ọ̀ṣọ́ aláwọ̀ wúrà ló kún ibẹ̀. Ẹ mọ̀ pé owó ọ̀ṣọ́ yẹn wà nínú owó kọfí yín. Fún kọfí òòjọ́, kafé kékeré ojú títì tí àwọn òṣìṣẹ́ ń dúró sí ní aago mẹ́jọ àárọ̀ tó yín.

Ọ̀rọ̀ tábìlì ìta kù díẹ̀. Láti 2008 ni òfin ti lé sìgá kúrò nínú kafé àti ilé ọtí, ìta ni gbogbo amusìgá wà báyìí. Ẹni tí èéfín ń yọ lẹ́nu, inú ilé ni kó jókòó. Láti ìparí oṣù kẹta 2022 ni wọ́n sì ti fòfin de ẹ̀rọ amúlé-gbóná níta gbangba, nítorí náà tábìlì ìta ní oṣù kìíní ń bẹ fún ẹni tó bá wọ kóòtù tó nípọn nìkan.

Coffee shop kò gbà wá lásìkò púpọ̀. Wọ́n pọ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Croix-Rousse, kọfí wọn dáa, Wi-Fi sì wà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ń tì ní aago mẹ́fà tàbí méje ìrọ̀lẹ́, àwọn mìíràn kì í sì í gbà kí ẹ ṣí kọ̀ǹpútà lópin ọ̀sẹ̀. Tí kò bá jẹ́ pé ẹ mọ adùn kọfí sí kọfí, kafé lásán ni kí ẹ lọ.

Bouchon: ọ̀sán ni kí ẹ lọ

Bouchon ni ilé oúnjẹ ìbílẹ̀ Lyon: yàrá kékeré, tábìlì tó fún mọ́ra, aṣọ tábìlì onígun pupa àti funfun, oúnjẹ tó ń yóni dáadáa. Ibí yìí ló yẹ kí owó yín lọ jù lọ, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń rẹ́ àlejò jẹ jù.

Ìdí tí a fi ní kí ẹ lọ lọ́sàn-án, láàárín Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́ Ẹtì: oúnjẹ alábala mẹ́ta tó jẹ́ yúrò 25 lọ́sàn-án lè di 35 lálẹ́, àwo kan náà. Oúnjẹ náà sì wúwo. Bọ́tà, ọ̀rá àti nǹkan inú ẹran ló pọ̀ nínú rẹ̀, kò dára kí èèyàn gbé e sùn. Aago méjìlá ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, tó bá ti kọjá aago kan àbọ̀, ó ṣeé ṣe kí ibi ìdáná má gbà yín mọ́. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù ṣáájú, torí àyè wọn kò tó nǹkan. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú, àwọn kan ń ti ọjọ́ Sátidé mọ́ ọn, àwọn mìíràn sì máa ń ti gbogbo oṣù kẹjọ pa.

Bí ẹ ṣe máa mọ ojúlówó: láti 2012 ni àmì-ẹ̀rí "Les Bouchons Lyonnais" ti wà, ẹ wá a lẹ́nu ọ̀nà. Kì í ṣe gbogbo ilé tó dáa ló gbà á, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tẹ̀ lé e kò ní ṣìnà jìnnà. Ní Rue Saint-Jean ní Vieux Lyon, àdúgbò àtijọ́ ìlú náà, àti ní Rue Mercière, ilé àtàtà àti ayédèrú ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí ẹ bá rí àwòrán oúnjẹ níta, tí wọ́n kọ ìwé oúnjẹ ní èdè mẹ́fà, tí ẹnì kan sì dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń pe èrò wọlé, ẹ máa bá tiyín lọ. Ojúlówó bouchon kì í pe èrò. Oúnjẹ márùn-ún tàbí mẹ́fà ló sábà máa ń kọ sára pátákó dúdú.

Kí ni kí ẹ jẹ? Ẹni tó bá fẹ́ràn ṣàkì ti dé ilé. "Tablier de sapeur" ni ṣàkì màlúù tí wọ́n rẹ sínú wáìnì funfun, tí wọ́n fi búrẹ́dì lílọ̀ bò, tí wọ́n wá dín. Ata ò sí nínú rẹ̀ rárá, kò sì sẹ́ni tó máa bínú bí ẹ bá yọ ìgò ata kékeré nínú àpò. "Quenelle de brochet" ni ẹja odò tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n pò mọ́ ẹyin àti ìyẹ̀fun, tó rọ̀ bí mọ́ínmọ́ín, pẹ̀lú ọbẹ̀ edé odò. "Cervelle de canut" ni wàràkàṣì tútù pẹ̀lú àlùbọ́sà àti ewé olóòórùn. Òun ló yẹ ẹni tí kì í jẹ ẹran.

Àwọn Mùsùlùmí ní láti ṣọ́ra gidigidi. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú andouillette (sọ́séèjì tí wọ́n fi ìfun ẹran ṣe) lọ́pọ̀ ìgbà, nínú saucisson (sọ́séèjì gbígbẹ), nínú grattons (ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ díndín) tí wọ́n máa ń gbé wá lọ́fẹ̀ẹ́ bí ìpanu, àti nínú saladi tí wọ́n ń pè ní "lyonnaise". Wáìnì sì ń wọ ọbẹ̀ púpọ̀. Wọn kì í kà á sí ìwà àrífín tí ẹ bá béèrè "Il y a du porc? Il y a du vin dedans?" (ṣé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú rẹ̀? ṣé wáìnì wà nínú rẹ̀?)

Wáìnì ibẹ̀ ń bọ̀ nínú "pot", ìgò 46 cl tí ìdí rẹ̀ nípọn gan-an kó má baà ṣubú. Beaujolais láti òkè ìlú tàbí Côtes du Rhône láti ìsàlẹ̀ ló máa ń wà nínú rẹ̀, yúrò 12 sí 18. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ife mẹ́rin ti 12 cl, ife kan sì jẹ́ yúrò 5 sí 6. Nítorí náà, bí ẹ bá jẹ́ ẹni méjì, pot kan dín owó kù. Omi ẹ̀rọ nínú "carafe d'eau" àti búrẹ́dì kò ní owó. Tí wọ́n bá bi yín bóyá ẹ fẹ́ omi "plate ou gazeuse" (omi lásán tàbí omi tó ń hó), omi ìgò tó lówó lórí ni wọ́n ń tà fún yín.

Brasserie: fún ẹbí àti aago tó ti lọ

Tó bá jẹ́ aago mẹ́ta ọ̀sán tí ebi sì ń pa yín, bouchon ti tì. Ọ̀pọ̀ brasserie kì í pa iná ìdáná láàárín ọ̀sán sí alẹ́. Brasserie Georges, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó rélùwéè Perrache, ni Georges Hoffherr láti Alsace dá sílẹ̀ lọ́dún 1836. Gbọ̀ngàn rẹ̀ tóbi débi pé ẹ̀ẹ̀kan náà ni ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ń jẹun níbẹ̀, kò sì sí òpó kankan láàárín rẹ̀. Ọmọdé lè pariwo níbẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni wò wọ́n. Oúnjẹ ibẹ̀ kò jinlẹ̀ tó ti bouchon, ariwo sì wà, ṣùgbọ́n fún èrò mẹ́jọ tí kò pe ẹnikẹ́ni ṣáájú, kò sí ibi tó dà bí rẹ̀.

Bíà

Ìwọ̀n ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. "Un demi" jẹ́ 25 cl, kò tó ìdajì ìgò bíà 60 cl ti Nàìjíríà. "Une pinte" jẹ́ 50 cl. Tí ẹ kò bá dárúkọ ìwọ̀n, agbáwo ló máa yàn fún yín. Láàárín aago márùn-ún sí mẹ́jọ ìrọ̀lẹ́, ọ̀pọ̀ ilé ń ṣe "happy hour", pinte lè bọ́ sí yúrò 4 tàbí 5. Òfin sì ní kí ilé tó bá dín owó ọtí kù lákòókò yẹn dín owó ẹlẹ́rìndòdò náà kù.

Rue Sainte-Catherine, lẹ́yìn Place des Terreaux, ni ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́: ó rọjú, ó kún, ariwo pọ̀. Ẹ fi ọwọ́ mú fóònù yín. Ninkasi, ilé bíà kan ní àdúgbò Gerland, láti 1997, ń ta bíà tirẹ̀ pẹ̀lú bọ́gà, orin sì máa ń wà. Ẹni tó fẹ́ jókòó sọ̀rọ̀ kó gun mẹ́trò C lọ sí Croix-Rousse. Ní ti Guinness, èyí tí wọ́n ń fà láti inú àgbá ní ilé ọtí àwọn Irish kò le tó ti Nàìjíríà: nǹkan bíi 4.2% ni tiwọn, 7.5% ni ti Nàìjíríà.

Ẹni tí kì í mu ọtí: "diabolo menthe" àti "sirop à l'eau" kò ní ọtí. Panaché àti monaco ń dùn bí ẹlẹ́rìndòdò, ṣùgbọ́n bíà wà nínú méjèèjì. Kir àti communard, wáìnì ni.

Ọkọ̀ ojú omi

Lẹ́bàá odò Rhône, lápá ìlà-oòrùn, tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2007, ni àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ti sọ di ilé ọtí so mọ́. Lásìkò ooru, láàárín aago méje sí mẹ́wàá, ẹ̀fúùfù àti ìran ibẹ̀ tó owó tí ẹ máa fi lé e. Nígbà òtútù, kò tó o. Lẹ́yìn aago mọ́kànlá alẹ́, ó ti ń di ibi ijó: ẹ̀ṣọ́ máa dúró lẹ́nu àtẹ̀gùn, ó sì lè dá ẹni tó wọ sílípáàsì padà.

Owó àti àsìkò

Bíìlì kì í dé àfi kí ẹ béèrè: "L'addition, s'il vous plaît." Owó iṣẹ́ agbáwo ti wà nínú iye tó wà lórí rẹ̀, ẹyọ owó díẹ̀ tí ẹ bá fi sílẹ̀ jẹ́ ìfẹ́ inú yín. Káàdì ń ṣiṣẹ́ níbi púpọ̀, ṣùgbọ́n kafé kékeré lè ní kò gba káàdì fún ohun tí kò tó yúrò 5 tàbí 10. Fún ayẹyẹ iná tó máa ń bọ́ sí nǹkan bí ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá, ẹ ti pe bouchon ní ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ṣáájú. Ọjọ́bọ̀ kẹta oṣù kọkànlá ni wáìnì Beaujolais tuntun ń jáde, ilé ọtí gbogbo á sì kún. Tó bá jẹ́ alẹ́ ọjọ́ Àìkú lẹ dé, brasserie ni kí ẹ kọjú sí tààrà, kí ẹ sì wo aago mẹ́trò ìkẹyìn lára pátákó ibùdó kí ẹ tó wọlé.