Shamian ní Guangzhou: ẹ lọ sinmi níbẹ̀ tí ọjà bá ti sú yín

Ẹ̀yin oníṣòwò tẹ́ ẹ máa ń lọ Guangzhou ní Ṣáínà, mo mọ̀ yín: Xiaobei, Sanyuanli, ẹ ra ọjà, ẹ dì í, ó di bàálù. Tẹ́ ẹ bá ráyè lọ́jọ́ kan ṣá, Shamian ni kẹ́ ẹ lọ. Wọn ò gba owó ìwọlé. Ẹ wọ tréènì abẹ́lẹ̀, Láìnì 1 tàbí 6, ẹ sọ̀ ní Huangsha, ẹ sọdá títì, ẹ gba orí afárá kékeré, ariwo mọ́tò á kàn rọlẹ̀ wọ̀ọ̀.

Erékùṣù ni, kò tiẹ̀ tó kìlómítà kan ní gígùn, tẹ́ ẹ bá ń kánjú kíá lẹ máa yí i ká, àmọ́ kí lẹ ń kánjú lọ ṣe? Igi ọdán ló ṣíji bo gbogbo ọ̀nà ibẹ̀, àwọn tó ti gbó gan-an, gbòǹgbò ń já wálẹ̀ látorí ẹ̀ka, àwọn bàbá arúgbó jókòó sábẹ́ ẹ̀ tí wọ́n ń ta ayò tiwọn, kò sẹ́ni tó yọ wọ́n lẹ́nu.

Ìtàn ibẹ̀ ò dùn ṣá o. Iyanrìn etí odò Pearl ni tẹ́lẹ̀, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé na Ṣáínà nínú ogun opium (òògùn olóró kan) kejì ni wọ́n bá pín in mọ́ra wọn lọ́wọ́ ní 1861, Gẹ̀ẹ́sì mú ìwọ̀-oòrùn tó pọ̀ jù, Faransé mú ìlà-oòrùn, wọ́n kọ́ báńkì, wọ́n kọ́ ilé aṣojú ìjọba wọn, onílẹ̀ ò wá lè wọlé bó ṣe wù ú mọ́. Ìdí nìyẹn tí ṣọ́ọ̀ṣì fi jẹ́ méjì lórí ilẹ̀ bíńtín yẹn, ti Áńgílíkà lápá ibí, ti Kátólíìkì, Our Lady of Lourdes, lápá ọ̀hún. Ní June 23, 1925, àwọn èèyàn ń wọ́de lódì kejì omi, ni sójà Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé bá yìnbọn lù wọ́n láti Shamian, àwọn tó kú lé ní 50. Déètì ọjọ́ yẹn ni wọ́n fi sọ títì etí omi náà, Liu'ersan, 6-2-3.

Ohun tó bí mi nínú ni àwọn ìyàwó tuntun tó ń wá ya fọ́tò ìgbéyàwó. Gáàùn funfun níwájú ilẹ̀kùn gbogbo, fotogíráfà á máa juwọ́ sí yín pé kẹ́ ẹ yà, wọ́n ti sọ gbogbo ibẹ̀ di stúdíò. Kọfí ibẹ̀ náà, owó gọbọi, bẹ́ẹ̀ omi lásán ni. Ẹ kúkú wọ White Swan, hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ṣí ní 1983, ẹ wo omi tó ń dà látorí àpáta nínú ilé, ẹ gba atẹ́gùn éésì, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn mọ́ tónítóní. Kẹ́ ẹ sì ti so káàdì yín mọ́ Alipay, áàpù tí wọ́n fi ń sanwó ní Ṣáínà, kẹ́ ẹ tó kúrò nílé o, owó pépà máa ń dà wọ́n láàmú.

Oúnjẹ, ẹ má jẹ ẹ́ níbẹ̀. Ẹ sọdá padà sápá àríwá, Qingping ni, ọjà egbòogi, bí ìsọ̀ lékùlejà ló ṣe rí gẹ́lẹ́: àkeekèé gbígbẹ, olú gbígbẹ, ginseng nínú àpò. Nǹkan ò wọ́n ní àdúgbò yẹn, núdù gbígbóná pẹ̀lú edé wà níbẹ̀.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Àwọn ìyàwó yẹn ló jẹ ẹyọ kan tó kù. Ẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀, láàárọ̀, wọn ò tíì múra tán nígbà yẹn.