RX 6600 àbí RTX 3060: ohun tójú mi rí kí n tó mú ọ̀kan

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ibi tí mo fàbọ̀ sí kẹ́ni tó ń kánjú lè máa bá tiẹ̀ lọ: RX 6600 ti AMD ni mo rà, ìyẹn káàdì tó ń gbé àwòrán géèmù jáde nínú kọ̀ǹpútà (graphics card), Sapphire Pulse, ó ti lé lọ́dún kan tó ti ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà mi, mi ò sì kábàámọ̀ ẹ̀ rárá. Àmọ́ RTX 3060 ti NVIDIA lọkàn mi wà tẹ́lẹ̀ o. Ẹ̀gbọ́n mi kan tá a jọ ń gbé ládùúgbò ní in, ó rìnrìn àjò fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó ní kí n máa lò ó títí òun á fi dé, mo bá yọ ọ́ nínú ẹ̀rọ ẹ̀, mo kì í bọ tèmi, mo sì ta géèmù lórí ẹ̀ lálaalẹ́. Torí náà kì í ṣe n tí mo gbọ́ lẹ́nu ẹlẹ́nu ni mo fẹ́ kọ síbí.

Káàdì àkọ́kọ́ tí mo fowó ara mi rà ló là mí lójú. Wọ́n ní GTX 1050 Ti ni, 4GB, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí, owó ẹ̀ sì dín sí ti ibòmíì, mo bá sanwó ní ìsọ̀ kékeré kan n'Ìkejà, mo gbé e wálé n'Ìbàdàn tayọ̀tayọ̀. Windows náà pè é ní 1050 Ti. Àmọ́ géèmù tó yẹ kó máa sáré ń wọ́ bí ìgbín, tí mo bá sì fẹ́ fi dráífà tuntun sí i (ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè bá káàdì ṣiṣẹ́), síkirínì á ṣókùnkùn biribiri. Ọ̀rẹ́ mi kan ló ní kí n dańlódù GPU-Z, ètò kékeré tó ń fi irú káàdì téèyàn ní hàn. Bí mo ṣe ṣí i, FAKE ni mo rí lókè pátápátá, chip GTX 550 Ti (chip ni ọpọlọ káàdì) ló wà nínú ẹ̀, èyí tó ti jáde láti 2011, wọ́n kàn yí BIOS ẹ̀, ètò inú ẹ̀ tó ń sọ orúkọ ẹ̀ fún kọ̀ǹpútà, padà kó lè máa fi orúkọ olórúkọ jẹ́. N tó dùn mí jù ni pé àmì ẹ̀ wà níta gbangba: ihò VGA búlúù, èyí tí wọ́n ń ki wáyà mọ́nítọ̀ àtijọ́ bọ̀, wà lẹ́yìn ẹ̀. Láti orí GTX 10 series ni NVIDIA ti yọ VGA kúrò lára chip wọn, torí náà tẹ́ ẹ bá rí 1050 Ti tó ní ihò VGA, ẹ má fọwọ́ kàn án. Mo padà lọ bá ẹni tó tà á fún mi. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ ò tẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó gbé e lọ ni?" Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́ hàn mí." Ó ní ọjà tó bá ti kúrò níwájú òun, òun ò mọ̀ nípa ẹ̀ mọ́. Owó tí mo fi oṣù mẹ́rin tù jọ, bó ṣe lọ nìyẹn, ó ká mi lára débi pé mi ò ta géèmù fún ìgbà pípẹ́.

Nígbà tí mo tún wá fẹ́ rà, mo kọ́kọ́ jókòó kàwé ná. N tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mọ̀ ni pé orúkọ méjì ló wà lára káàdì kan. NVIDIA àti AMD ló ń ṣètò chip (Intel náà ti dá sí i báyìí), àwọn ilé iṣẹ́ bí i ASUS, MSI, Gigabyte ló wá ń tò ó sórí pátákó, wọ́n á fi irin tó ń fa ooru jáde àti fáànù sí i, wọ́n á lẹ orúkọ tiwọn mọ́ ọn. ASUS àti Gigabyte ń ṣe ti NVIDIA, wọ́n ń ṣe ti AMD, MSI náà ti ṣe ti méjèèjì rí. Sapphire, PowerColor àti XFX, AMD ni wọ́n gbájú mọ́. Zotac àti Palit, NVIDIA ni tiwọn. EVGA tí gbogbo èèyàn fẹ́ràn kéde ní oṣù kẹsàn-án 2022 pé àwọn ò ṣe káàdì mọ́. Torí náà ẹni tó bá ń béèrè pé "ṣé kí n ra MSI àbí kí n ra NVIDIA", ó dà bí ẹni tó ń béèrè bóyá kóun mú àǹkárá àbí kóun mú télọ̀. Ẹ kọ́kọ́ mú aṣọ. Télọ̀ ò le, tí fáànù méjì bá ti wà lára káàdì, tí irin ẹ̀ ò kéré jù, tó sì gbà sínú àpótí yín, ìyàtọ̀ MSI sí Gigabyte kò tó n tó yẹ kẹ́ ẹ san owó gọbọi lé lórí.

Ẹ̀rọ mi rèé: pírósẹ́sọ̀ Ryzen 5 5600, bọ́ọ̀dù B450, RAM 16GB, mọ́nítọ̀ 1080p (bí àwòrán ẹ̀ ṣe fẹ̀ tó nìyẹn) oní 144Hz (ó lè fi àwòrán 144 hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan), àti power supply 450W, ìyẹn àpótí tó ń pín iná fún gbogbo ẹ̀rọ, tí mo ti ń lò bọ̀ tipẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi 450W yẹn sọ́kàn.

Ká bẹ̀rẹ̀ látorí géèmù fúnra ẹ̀. EA FC ò fún ìkankan nínú wọn níṣòro, 144 fps yẹn (fps ni iye àwòrán tó ń jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ni méjèèjì ń kọjá. Forza Horizon 5, tí mo bá gbé e sí High, méjèèjì ń ṣe nǹkan bí i ọgọ́rùn-ún. Cyberpunk 2077, High, láìtan ray tracing (ọgbọ́n tó ń jẹ́ kí iná àti òjìji inú géèmù dà bí ti ojú ayé), méjèèjì ń rìn lókè 60, 3060 ń fi bí i mẹ́ta mẹ́rin ṣíwájú. Tí mo bá fọwọ́ bo nọ́ńbà tó wà ní kọ̀rọ̀ síkirínì, mi ò lè sọ èwo ló wà nínú ẹ̀rọ. Iye kan náà ni wọ́n sì kéde fún wọn nígbà tí wọ́n jáde lọ́dún 2021, 3060 ní oṣù kejì, 6600 ní oṣù kẹwàá, $329 ni méjèèjì. Àmọ́ nígbà tí mo fẹ́ rà, 6600 ti já wálẹ̀, 3060 ṣì dúró lókè, owó tó fi wọ́n ju èkejì lọ nínú ọjà wa níbí tó ra SSD 1TB. Ẹ sì mọ bí owó nǹkan ṣe rí látìgbà tí náírà ti já ní oṣù kẹfà 2023, iye tí wọ́n bá dá fún yín láàárọ̀, ẹ má retí pé kẹ́ ẹ bá a bẹ́ẹ̀ nírọ̀lẹ́.

Mi ò ní fi òótọ́ pamọ́ nípa 3060 torí pé mi ò rà á. Ọjọ́ tí mo tan ray tracing nínú Cyberpunk, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá nínú géèmù náà, ilẹ̀ tutù, iná àwọn pátákó ìpolówó ń hàn nínú omi tó dá rogún sójú títì, tí mo bá sún sápá kan iná náà ń bá mi sún, mo kàn dúró síbẹ̀ mò ń wò ó, mi ò rántí iṣẹ́ tí wọ́n rán mi mọ́. Pẹ̀lú DLSS, ọgbọ́n NVIDIA tó ń ya àwòrán ní kékeré tó sì ń fẹ̀ ẹ́ kí fps lè pọ̀ sí i, ó ń ṣe lé ní 40 fps. Mo dán ibì kan náà wò lórí 6600 lẹ́yìn ìgbà yẹn, kò dé 20, àwòrán ń já gẹrẹgẹrẹ, mo pa á kíá. Òótọ́ ni pé FSR, irú ẹ̀ ti AMD, títí dé ẹ̀dà kẹta ẹ̀, ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pọ̀ káàdì, kódà lórí NVIDIA, DLSS sì rèé, àfi RTX nìkan. Àmọ́ ní 1080p, ojú mi rí ìyàtọ̀ wọn: lórí FSR, wáyà iná tó wà lókèèrè àti irun orí èèyàn á máa gbọ̀n rìrì, DLSS kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mẹ́mọ́rì 12GB tó wà lórí 3060 náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, àwọn géèmù tuntun kan wà tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá gbé texture (bí ara nǹkan ṣe hàn kedere tó nínú géèmù) dé òkè pátápátá, 8GB tó wà lórí 6600 á kún fọ́fọ́, mo máa ń rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ sí High kó tó dùn ún wò. Ẹ̀gbọ́n mi tó ni káàdì yẹn, fídíò ìgbéyàwó àti ìsìnkú ló fi ń jẹun, ó sì ń lo Blender tí wọ́n fi ń ya àwòrán 3D, tó bá jẹ́ irú iṣẹ́ tẹ́ ẹ̀ ń ṣe nìyẹn, ẹ ra NVIDIA, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi owó tí AMD fi dín yí yín lọ́kàn padà, torí ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà iṣẹ́ yẹn CUDA, ètò tó jẹ́ ti NVIDIA, ni wọ́n gbójú lé.

Kí ló wá dé tí mi ò rà á? Iná ni.

3060 ń fa 170W, 6600 ń fa 132W. NVIDIA ní kéèyàn ní power supply 550W fún 3060, AMD ní 450W tó fún 6600. Ìyẹn ni pé tí mo bá ra 3060, mo tún máa ra power supply tuntun lé e, owó SSD tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn á tún lé sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi lò ó, ẹ̀rọ mi kú fiin lẹ́ẹ̀mejì níbi tí mo ti ń sáré nínú Forza, kò sí ìkìlọ̀ kankan, ó kàn kú. Látìgbà tí 6600 ti dé, kò tíì ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Lẹ́yìn náà, ínfátà. Bátìrì kan ṣoṣo la ní, 220Ah, kò sì ṣe tuntun mọ́. Mo ní mítà kékeré kan tí mo máa ń kì bọ ojú iná kí n tó ki wáyà kọ̀ǹpútà bọ̀ ọ́. Cyberpunk lórí 3060, kọ̀ǹpútà àti mọ́nítọ̀ pa pọ̀, 300W, nígbà míì ó ń lé. Lórí 6600, bí i 240W. Ẹ lè ní 60W ò tó n téèyàn ń pariwo lé lórí. Ẹ wá sí pálọ̀ wa láago mẹ́sàn-án alẹ́ tí NEPA ti mú iná lọ látìrọ̀lẹ́, fáànù méjì ń yí, ínfátà á bẹ̀rẹ̀ sí í ké pí-pí-pí, màmá mi á sì ké láti yàrá, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé iná tá a máa fi sùn lò ń fi ta géèmù yẹn?" Pẹ̀lú 3060, mo ń gbọ́ gbólóhùn yẹn kó tó di aago mẹ́wàá. Pẹ̀lú 6600, mo ń rí bí i ogójì ìṣẹ́jú sí i. N tó tún wá bá mi lára mu ni Radeon Chill tó wà nínú sọ́fítíwíà AMD, mo fi há fps mọ́ 60 nígbà tá a bá wà lórí ínfátà, tí mi ò bá sì fọwọ́ kan nǹkan kan, ó máa ń fà á wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fúnra ẹ̀, gbogbo ẹ̀rọ á wá máa jẹ bí i 170W. NVIDIA náà ní ibi téèyàn ti lè há fps mọ́ ibì kan, mo lò ó, ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ mi ò rí i kó wálẹ̀ tó ti 6600 nínú ẹ̀rọ tèmi.

Intel Arc, ìyẹn káàdì ti Intel, ńkọ́? A750 wà lọ́jà nígbà yẹn, owó ẹ̀ dáa, àmọ́ 225W ni, ó tún ń jẹ iná púpọ̀ kódà téèyàn ò bá ṣe nǹkan kan lórí ẹ̀, bọ́ọ̀dù yín sì gbọ́dọ̀ ní Resizable BAR (èyí tó ń jẹ́ kí pírósẹ́sọ̀ lè dé gbogbo mẹ́mọ́rì káàdì lẹ́ẹ̀kan náà) kó tó lè ṣe dáadáa. Mo fò ó kọjá. B580 tó jáde ní oṣù kejìlá 2024 dáa jù ú lọ fíìfíì, 12GB ni, $249 ni wọ́n kéde ẹ̀, àmọ́ 190W ṣì ni.

Ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ dúró ná. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án 2022 ni Ethereum, ọ̀kan lára àwọn owó orí íntánẹ́ẹ̀tì, yí ètò ẹ̀ padà débi pé wọn ò fi káàdì wa á mọ́, ìyẹn ni pé àwọn tó ń fi káàdì wa owó orí íntánẹ́ẹ̀tì tọ̀sán tòru kó tiwọn dà sọ́jà, púpọ̀ nínú wọn sì ti dé ọ̀dọ̀ wa. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ti bàjẹ́ o, àmọ́ ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹsẹ̀ skrúù ẹ̀ bóyá wọ́n ti tú u, ẹ wò ó bóyá òróró ti ń jò láàárín irin ẹ̀, ẹ fọwọ́ yí fáànù ẹ̀ wò bóyá ó ń mì. RX 580 náà, tẹ́ ẹ bá rí 2048SP lára ẹ̀, chip ẹ̀ kò ju ti RX 570 lọ, owó 570 ni kẹ́ ẹ san. Kẹ́ ẹ sì gbé GPU-Z dání sínú flash, kẹ́ ẹ ṣí i lójú ẹni tó ń tà á kẹ́ ẹ tó kówó sílẹ̀.

Ohun kan tí mi ò ṣe dáadáa nígbà tí mo yí padà: mo kàn yọ NVIDIA, mo ki AMD bọ̀ ọ́, dráífà àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, síkirínì ń ṣẹ́jú fún odindi ọjọ́ kan, mo ti fẹ́ máa rò pé wọ́n tún ti lù mí ní jìbìtì. DDU, ètò kan tó ń pa dráífà àtijọ́ rẹ́, ni mo fi gbá gbogbo ẹ̀ dànù kó tó gbádùn. Ẹ tètè dańlódù dráífà tuntun kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí ó lé ní 500MB, kẹ́ ẹ má lọ wà nínú òkùnkùn láìní dátà.

Ti ooru, nínú ooru oṣù kẹta n'Ìbàdàn ó ń dé 74°C, kò kọjá bẹ́ẹ̀ rí, fáànù ẹ̀ kì í sì í pariwo. Tọ́yẹ́ bá dé mo máa ń fẹ́ eruku kúrò lára ẹ̀ lọ́sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta, ẹ fi ìka di abẹ fáànù mú kẹ́ ẹ tó fẹ́ ẹ, kó má yí sódì bà jẹ́.

Tẹ́ ẹ bá máa bi mí pé èwo ni kẹ́ ẹ rà, ẹ kọ́kọ́ ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí yín, ẹ ya fọ́tò ìwé tó wà lára power supply yín níbi tí wọ́n kọ wáàtì ẹ̀ sí, kẹ́ ẹ sì sọ bátìrì tẹ́ ẹ ní nílé fún mi.