Súṣì orí bẹ́líìtì, ìrẹsì onímàlúù, rámẹ̀nì, údọ̀n: èwo ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀ ní Japan?

Ẹni tó ń lọ sí Japan fún ìgbà àkọ́kọ́ sábà máa ń bẹ̀rù pé oúnjẹ ni yóò gbọ́n owó òun gbẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Hòtẹ́ẹ̀lì àti ọkọ̀ ojú irin ló ń jẹ owó. Ilé oúnjẹ tí àwọn ará ibẹ̀ ń wọ̀ bí wọ́n bá ṣíwọ́ iṣẹ́ kò wọ́n rárá. 500 yen, owó Japan, lè fún yín ní abọ́ kan tí ẹ máa yó. Ohun tó ń dààmú àlejò ni bí wọ́n ṣe ń ṣe é: ta ni kí n bá sọ̀rọ̀, ìgbà wo ni kí n sanwó, ṣé kí n fi abọ́ sílẹ̀ ni àbí kí n gbé e padà? Oríṣi mẹ́rin ni mo fẹ́ fi wéra, torí àwọn ni ẹ máa bá pàdé ní gbogbo ìlú ńlá. Mi ò ní fi adùn ṣe òdiwọ̀n, gbogbo wọn ló dùn. Ẹni tí ẹ jọ lọ, iye àkókò tí ẹ ní, àti bí ẹ ṣe gbọ́ èdè wọn tó, ìyẹn ló yẹ kí ẹ fi yàn.

Súṣì orí bẹ́líìtì

Súṣì ni ìrẹsì tí wọ́n gbé ẹja lé lórí, tútù lọ́pọ̀ ìgbà; níbí, bẹ́líìtì ló ń gbé àwo rẹ̀ wá bá yín. Bí ẹ bá kó ọmọ dání, ibí ni kí ẹ lọ, ẹ má wulẹ̀ jiyàn. Yoshiaki Shiraishi ló dá irú ilé oúnjẹ yìí sílẹ̀ ní Higashi-Osaka ní 1958, lẹ́yìn tó rí bí ìgò bíà ṣe ń rìn lórí bẹ́líìtì nílé iṣẹ́ ọtí. Ó ń wá ọ̀nà tí òṣìṣẹ́ díẹ̀ fi lè bọ́ èrò púpọ̀, ó sì rí i. Lónìí, Sushiro, Kura Sushi àti Hama Sushi ló gbajúmọ̀ jù.

Lẹ́nu ọ̀nà, ẹ máa tẹ iye yín sínú ẹ̀rọ, á fún yín ní nọ́ńbà, ẹ á wá jókòó dè é. Bí ẹ bá dé orí tábìlì, tábúlẹ́ẹ̀tì tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ń bẹ níbẹ̀. Ẹ tẹ ohun tó wù yín, kò ní pẹ́ tí àwo náà á fi sáré dé, á sì dúró gbọnin síwájú yín. Ẹyọ méjì ló sábà máa ń wà nínú àwo kan. Èyí tó rọjú jù ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi 120 yen níbi tó jìnnà sí àárín ìgboro; láàárín Tokyo, ó máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ omi kékeré tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì yẹn, ẹ má fi fọwọ́ o! Omi gbígbóná ló ń bẹ níbẹ̀, fún tíì ni. Ẹ bu ìyẹ̀fun tíì aláwọ̀ ewé sínú kọ́ọ̀bù, ẹ fi kọ́ọ̀bù náà ti ìdí ẹ̀rọ, omi á dà sí i.

Ẹni tí kò lè jẹ ẹja tí iná ò kàn ò ní fi ebi sùn níbẹ̀. Ẹyin díndín wà, edé bíbọ̀ wà, adìyẹ díndín, ànàmọ́ òyìnbó díndín, títí dórí áísìkirimù. Ní Kura Sushi, inú ihò kan lára tábìlì lẹ máa ju àwo tí ẹ ti jẹ tán sí, ẹ̀rọ á máa kà á. Ní gbogbo àwo márùn-ún, eré kékeré kan á bọ́ sójú tábúlẹ́ẹ̀tì, bí ẹ bá borí, ohun ìṣeré á já bọ́ látòkè. Àwọn ọmọ á tìtorí ẹ̀ jẹ ju ikùn wọn lọ, ẹ múra sílẹ̀ fún owó ẹ̀.

Ẹ má retí pé ẹ máa bá àwo tó ń yí lọ yí bọ̀ níbi gbogbo. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, fídíò ọ̀dọ́ kan tó lá ìgò omi sóyà (omi oníyọ̀ tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe) lórí tábìlì Sushiro kan ní Gifu tàn káàkiri, ariwo sì ta. Láti ìgbà náà, púpọ̀ nínú àwo tí ẹ máa jẹ, ẹ̀yin lẹ máa pàṣẹ ẹ̀ fúnra yín. Kura ṣì ń jẹ́ kí tirẹ̀ yí, ṣùgbọ́n ìdérí wà lórí àwo kọ̀ọ̀kan. Àléébù tó wà níbẹ̀ ni èrò: ìrọ̀lẹ́ Sátidé kò ṣe é dán wò láìgba ààyè sílẹ̀. Aago mẹ́ta ọ̀sán ló dáa.

Ìrẹsì onímàlúù

Gyudon ni wọ́n ń pè é: ẹran màlúù tí wọ́n gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí wọ́n sè pẹ̀lú àlùbọ́sà nínú omi sóyà tó ládùn díẹ̀, tí wọ́n wá bù sórí ìrẹsì. Oúnjẹ ẹni tó ń kánjú ni. Ẹni tó dá nìkan rìn ni mo fẹ́ kó lọ síbẹ̀, pàápàá láàárọ̀ kùtù tí oorun ọkọ̀ òfurufú ò tíì dá lójú yín, torí ọ̀pọ̀ wọn kì í ti ilẹ̀kùn tọ̀sán-tòru.

Ilé mẹ́ta ló ń bára wọn dupò. Yoshinoya ló dàgbà jù. Inú ọjà ẹja Nihonbashi ní Tokyo ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1899. Ẹ jókòó, ẹ pàṣẹ, ó dé. Wọ́n lórí kunkun lórí ẹran wọn: nígbà tí Japan dá màlúù Amẹ́ríkà dúró nítorí àrùn wèrè màlúù, ní oṣù kejì 2004 wọ́n kúkú yọ gyudon kúrò lórí káńtà ju kí wọ́n fi ẹran ibòmíràn dípò. Matsuya, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1966, ní tiẹ̀, ẹ̀rọ ló máa ta tíkẹ́ẹ̀tì fún yín kí ẹ tó jókòó, ó sì máa ń fi ọbẹ̀ míso (ọbẹ̀ ẹ̀wà sóyà) ṣe èènì fún ẹni tó bá jẹun níbẹ̀. Sukiya, ti 1982, ló ní nǹkan orí ìrẹsì tó pọ̀ jù, wàràkàṣì wà nínú ẹ̀, ó sì ní tábìlì fún ìdílé. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Matsuya ni mo yàn fún ẹni tí kò gbọ́ èdè, torí ẹ̀rọ kì í béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Atalẹ̀ pupa tó wà nínú ike lórí káńtà, ọ̀fẹ́ ni, ẹ bù ú dáadáa, ó ń gé ọ̀rá ẹran lẹ́nu. Ẹyin tí àwọn ará ibẹ̀ ń fọ́ sórí ìrẹsì, tútù ni o; ẹni tí kò bá wù kó má pàṣẹ ẹ̀. Bí ẹ bá jẹ tán, ẹ dìde. Kì í ṣe ibi ìtàkúrọ̀sọ.

Rámẹ̀nì inú àpótí

Rámẹ̀nì, ìyẹn núdù inú omi ọbẹ̀, pọ̀ ní Japan bí ewé, ṣùgbọ́n ilé Ichiran, tó ti Fukuoka wá, ni àlejò máa ń béèrè jù. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì lára ẹ̀rọ, ẹ kọ sínú fọ́ọ̀mù bí ẹ ṣe ń fẹ́ ẹ: kí omi ọbẹ̀ ki tàbí kó fẹ́rẹ̀, aáyù mélòó, kí núdù le tàbí kó rọ̀, ata pupa wọn tó mélòó. Ẹ á wá wọ ìjókòó ẹlẹ́nìkan tí pákó dá a mọ́ ti ẹnìkejì. Níwájú yín, aṣọ ìkélé á ká sókè, ọwọ́ méjì á gbé abọ́ síwájú, ẹ̀yin ò ní rí ojú ẹni tó ni ọwọ́. Ikélé á tún bọ́ sílẹ̀. Ó kù ẹ̀yin àti abọ́ yín.

Ó yẹ kí ẹ rí i lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n owó ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000 yen, ó tó gyudon méjì, ìlà tó sì máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà láwọn àdúgbò arìnrìn-àjò ń gbani lákòókò. Ilé rámẹ̀nì kékeré inú àdúgbò, tí bàbá kan ń dá sè, kì í jẹ́ kí n tò fún wákàtí. Egungun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń se omi ọbẹ̀ Ichiran. Ẹni tí kò bá jẹ ẹlẹ́dẹ̀, kó fò ó pátápátá.

Údọ̀n

Údọ̀n, ìyẹn núdù fúláwà tó nípọn, ni ààyò mi fún àlejò. Marugame Seimen, ilé údọ̀n tó ní ẹ̀ka púpọ̀, ṣí ilé àkọ́kọ́ ní Kakogawa, ní Hyogo, ní 2000, ó sì ti dé ìlú òyìnbó. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London ti ń jẹ ẹ́ láti 2021. Ẹ mú tíréè, ẹ tò. Lójú yín ni wọ́n ti ń gé fúláwà, tí wọ́n ń bọ̀ ọ́ nínú ìkòkò ńlá. Ẹ nawọ́ sí àwòrán èyí tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ fi ẹ̀mú mú tẹ́ńpúrà (nǹkan tí wọ́n rì bọ fúláwà pípò kí wọ́n tó dín in) tó wù yín, edé, ọ̀dùnkún, tàbí kakiage, tí wọ́n fi àlùbọ́sà àti kárọ́ọ̀tì dín pọ̀ bí àkàrà. Ẹ sanwó, ẹ bu àlùbọ́sà eléwé bó ṣe wù yín. Údọ̀n lásán ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi 400 yen. Tẹ́ńpúrà ló ń gbé owó sókè, ojú ló sì ń rà á. Ẹ fà á fùrùrù bó ṣe ń gbóná, kò sẹ́ni tó máa wò yín. Ẹ̀yin lẹ máa gbé tíréè padà fúnra yín.

Mùsùlùmí gbọ́dọ̀ ṣọ́ra níbi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kì í ṣe ti ẹlẹ́dẹ̀ nìkan: mirin, ọtí ìrẹsì tí wọ́n fi ń sebẹ̀, máa ń wà nínú omi sóyà wọn láìhàn sójú. Ẹni tí kì í jẹ ẹran, kó mọ̀ pé ẹja gbígbẹ ni wọ́n sábà fi ń se omi údọ̀n. Ilé oúnjẹ tó kọ hàláà sára ògiri ń bẹ ní Tokyo àti Osaka. Ẹ wá wọn lórí fóònù kẹ́ ẹ tó jáde.

Kò sóhun tó ń jẹ́ owó ìdúpẹ́ fún agbóúnjẹ. Bí ẹ bá fi ṣéńjì sílẹ̀, á sáré tẹ̀ lé yín títí dé ìta. Omi mímu ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹ bá jókòó jẹun, owó orí 10% ló wà lórí ẹ̀, bí ẹ bá gbé e lọ, 8% ni. Kí ẹ sì máa ní bébà 1,000 yen lápò, torí ẹ̀rọ tíkẹ́ẹ̀tì àwọn ilé kékeré míì kì í gba káàdì, kì í sì í gba bébà ńlá.