Iṣẹ́ Ìfọ̀mọ́ Ilé Tuntun ní Lekki àti Ajah: Táìlì Ń Dán, Omi Ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́lé tà láti Lekki dé Ajah àti Sangotedo ló ti ń fi iṣẹ́ ìfọ̀mọ́ kún owó ilé. Wọ́n á ní bí ẹ bá ti gba kọ́kọ́rọ́, ẹ kàn máa kó ẹrù wọlé ni. Iṣẹ́ yẹn la gbé yẹ̀ wò níbí. Èrò wa ni pé ilẹ̀, fèrèsé àti ògiri ni wọ́n ń fọ̀. Ibi tí àìsàn ń gbà wọlé, ìyẹn inú táǹkì, inú páìpù àti ojú ihò omi ìdọ̀tí, wọn kì í dé ibẹ̀.

Ká má purọ́ mọ́ wọn, ohun tí wọ́n ń ṣe, ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ̀ ọ́n ṣe. Ikọ̀ tó mọṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ látòkè wá sílẹ̀: àjà, fáànù, orí wọ́dúróòbù, fèrèsé, kó tó wá kan ilẹ̀. Wọn kì í yára da omi sílẹ̀, torí eruku sìmẹ́ǹtì tí omi bá bà lè dì mọ́ táìlì. Ẹ̀rọ tó ń fa eruku ni wọ́n á kọ́kọ́ lò, pẹ̀lú ìbòmú N95 lójú wọn, nítorí eruku tó ń jáde níbi tí wọ́n ti gé táìlì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bí ẹ bá rí ikọ̀ tó gbé ìgbálẹ̀ gbígbẹ, tí gbogbo ilé ń rú túútúú láìsí ìbòmú, ẹ ti mọ irú ẹni tí wọ́n rán wá.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe jù ni èérí funfun tó máa ń bo ojú táìlì lẹ́yìn tí wọ́n bá fi sìmẹ́ǹtì funfun dí àárín rẹ̀. Ásíìdì ló ń yọ ọ́ lóòótọ́, àmọ́ àwọn kan á da ògidì rẹ̀ sílẹ̀. Ó ń jẹ sìmẹ́ǹtì àárín táìlì, ó ń jẹ máábù, èéfín rẹ̀ sì ń mú kí ẹnu ẹ̀rọ omi tó ń dán dípẹtà. Bó ṣe yẹ kó rí nìyí: omi ìwọ̀n mẹ́wàá nínú garawa, kí wọ́n tó da ásíìdì ìwọ̀n kan sí i, kí wọ́n fi omi rin táìlì, kí wọ́n dán an wò ní kọ̀rọ̀ kan, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ kí wọ́n fi omi púpọ̀ ṣan án. Tí wọ́n bá tún fẹ́ gbé Hypo tàbí JIK wá síbẹ̀, ẹ dá wọn dúró kíákíá. Ásíìdì àti Hypo bá pàdé, gáàsì kílórínì ló ń jáde, inú balùwẹ̀ tí fèrèsé rẹ̀ kéré ló sì ti léwu jù.

Ó wá ku táǹkì. Ẹ ṣí ìdérí rẹ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Nísàlẹ̀ táǹkì tuntun, ẹ ó rí ìrẹ́rùn rọ́bà tó já sínú rẹ̀ nígbà tí púlọ́ńbà ń dá ihò sí i lára, ẹ ó rí iyanrìn, nígbà míì alángbá tó ti kú. Ẹ da omi inú rẹ̀ nù, ẹ fi fóòmù mímọ́ nù ún yíká, ẹ ṣan án, kí ẹ tó pọnmi kún un. Fún táǹkì lítà 1,000, lítà kan àti ààbọ̀ Hypo tàbí JIK tí kò ní lọ́fínńdà, tó jẹ́ pé kílórínì inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 3.5 nínú 100, ló tó. Bó bá jẹ́ kílórínì oníyẹ̀fun tó jẹ́ ìdá 65 sí 70, gíráàmù 75 ni, kí ẹ sì kọ́kọ́ yọ́ ọ nínú garawa. Ẹ pa ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná, ẹ ṣí ẹnu ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan nínú ilé títí tí òórùn kílórínì á fi jáde níbẹ̀, ẹ tì í pa, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí 24. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ mu ún tàbí fi wẹ̀. Bí ẹ bá ń tú omi náà dànù, ẹ má jẹ́ kó lọ sí soakaway, ìyẹn kòtò omi ìdọ̀tí ilé, nítorí yóò pa àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń jẹ ìdọ̀tí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ tú asẹ́ kékeré tó wà lẹ́nu táàpù. Iyanrìn á ti kún inú rẹ̀.

Kílórínì ò lè tún kàǹga-dẹ̀rọ tí wọ́n gbẹ́ sí ibi tí kò dáa ṣe o. Mítà 30 ló yẹ kó wà láàárín rẹ̀ àti soakaway, tiyín àti ti aládùúgbò. Lórí ilẹ̀ kékeré, ó ṣòro kí èyí tó ṣeé ṣe, bẹ́ẹ̀ iyanrìn ni gbogbo rẹ̀ níbí, omi abẹ́ ilẹ̀ ò sì jìnnà. Nítorí náà, ẹ gba ìgò láti ilé àyẹ̀wò, ẹ bu omi, ẹ gbé e sínú yìnyín, kó débẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́fà. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà omi mímu ti Nàìjíríà, kò gbọ́dọ̀ sí E. coli, ìyẹn kòkòrò tó ń wá látinú ìgbẹ́, kankan nínú mílílítà 100, irin ò sì gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 0.3 lọ nínú lítà kan. Bí irin bá pọ̀, táìlì tí wọ́n fọ̀ yẹn á tún pọ́n láìpẹ́.

Òórùn tó ń pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, ọ̀pọ̀ rò pé ọ̀dà ni. Nígbà púpọ̀, inú soakaway ló ti ń wá. Páìpù tó tẹ̀ lábẹ́ síńkì àti lábẹ́ ihò ilẹ̀ gbọ́dọ̀ ní omi nínú, òun ló ń dínà mọ́ òórùn àti aáyán. Ilé tó ti wà lófìfo, omi náà á ti gbẹ. Ẹ da lítà méjì sí ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ padà wá lọ́jọ́ kejì. Bí òórùn bá ṣì wà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má fi páìpù náà síbẹ̀ rárá. Ẹ tún da garawa omi kan sí ihò kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹnìkan dúró ti kòtò onídèérí níta. Tí omi bá pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí sìmẹ́ǹtì ti dì sínú páìpù: onítáìlì á fọ irinṣẹ́ sí balùwẹ̀, akunlé á fọ búrọ́ọ̀ṣì sí síńkì. Kí wọ́n tú u kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́. Ìjókòó ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ti lò ó kí omi tó dé.

Ìdájọ́ wa: fún táìlì àti fèrèsé, iṣẹ́ náà tó owó rẹ̀. Fún ìmọ́tótó, kò tíì dé ìdajì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ fífọ táǹkì àti dídán ihò omi wò sínú ìwé àdéhùn, pẹ̀lú fọ́tò ìsàlẹ̀ táǹkì ṣáájú àti lẹ́yìn iṣẹ́. Asẹ́ AC náà, kí wọ́n fọ̀ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó tan án.

Ní ti ògiri, ẹ lẹ ọ̀rá tó mọ́ gaara, tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ kan, mọ́ ọn, kí ẹ fi téèpù dí etí rẹ̀ yíká di ọjọ́ kejì. Bí ìrì bá sẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ògiri náà ò tíì gbẹ. Ẹ fi àyè tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ kan sílẹ̀ láàárín rẹ̀ àti wọ́dúróòbù, kí ẹ sì máa ṣí fèrèsé lọ́sàn-án, kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà bu.