Ìwé ọ̀fẹ́ tí mo fi múra sílẹ̀ fún ẹ̀sáàmù súpáfáísọ̀ ní New York

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní New York níbí, pàápàá ẹ̀yin kíláàkì tẹ́ ẹ ti ń jókòó sórí àga kan náà tipẹ́tipẹ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín o. Mo ṣe ẹ̀sáàmù súpáfáísọ̀, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ń mú ẹni tó máa darí àwọn òṣìṣẹ́ tó kù, mo sì pásì, ohun tí mo fi kàwé ni mo fẹ́ sọ bó ṣe rí.

Kọ́ọ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo kọ́kọ́ ra, mi ò ní dárúkọ wọn, dọ́là 140 ni mo san. Ìbéèrè ibẹ̀ pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ìṣirò àti ká máa to orúkọ ní a-b-d ló gba ìdajì ẹ̀, kò sì sí ìkankan nínú ìyẹn nínú ẹ̀sáàmù tèmi rárá. Èyí tó dùn mí jù ni pé tó o bá gba ìbéèrè kan tì, wọ́n á kàn ní C ni ìdáhùn, ó parí. Kí ló dé tó fi jẹ́ C? Wọn ò sọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ ìmeèlì pé kí wọ́n dá owó mi padà, wọn ò fèsì dòní.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó ti di súpáfáísọ̀ tipẹ́, ló wá bi mí pé, "Ìyá Ìbejì, ṣé o ti ka èyí tí ìjọba fúnra wọn gbé jáde?" Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà! Àwọn Civil Service ìpínlẹ̀ New York, ìyẹn àwọn tó ń ṣètò ẹ̀sáàmù iṣẹ́ ìjọba, máa ń gbé ìwé pẹlẹbẹ sórí wẹ́bùsáìtì wọn lọ́fẹ̀ẹ́, oríṣiríṣi ẹ̀ka ẹ̀sáàmù ló wà ńbẹ̀, ti supervision, ìyẹn bí èèyàn ṣe ń darí òṣìṣẹ́, náà wà. Kò gùn, ìjókòó kan lẹ máa fi kà á tán, àmọ́ ó máa ń mú ìdáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, á ṣàlàyé ìdí tí èyí fi tọ̀nà àti ìdí tí àwọn tó kù ò fi tọ̀nà. Ibẹ̀ lojú mi ti là.

Torí ẹ̀sáàmù yìí kì í ṣe èyí téèyàn ń há sórí. Wọ́n á sọ ìtàn kékeré kan fún ẹ, bóyá ti ẹni tó ń pa ibi iṣẹ́ jẹ, tàbí àyípadà táwọn òṣìṣẹ́ ò fẹ́, wọ́n á wá bi ẹ́ pé kí ló yẹ kó o ṣe, ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì dà bíi pé ó dáa. Èmi àtọkọ mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi nǹkan ọ́fíìsì gbé ìbéèrè tiwa kalẹ̀ lálaalẹ́, ní kíṣìnnì, tí àwọn ọmọ bá ti sùn. Ọ̀kan rèé: màmá kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, tó mọṣẹ́ dunjú, ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àṣìṣe nínú fáìlì. Ṣé kó o pín iṣẹ́ ẹ̀ fáwọn tó kù ni? Ṣé kó o kọ̀wé sí ọ̀gá àgbà? Ṣé kó o pe gbogbo ọ́fíìsì sí mítìn, kó o ní kí kálukú máa ṣọ́ra? Àbí kó o pe òun nìkan, kẹ́ ẹ jọ wo fáìlì náà, kó o bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀? Mítìn lèmi mú. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn, àgbà ni, àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fọ́mọlúàbí. Ọkọ mi ní, "Àwọn tí ò ṣẹ̀ ńkọ́? Tí màmá náà ò bá mọ̀ pé òun lò ń bá wí ńkọ́?" Mo rò ó títí, mo wá rí i pé ká pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ ká sojú abẹ níkòó fún un gan-an là ń pè ní ọ̀wọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó ka nǹkan kan, ẹ ka ìkéde ẹ̀sáàmù yín dáadáa, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ ohun tí wọ́n máa bi yín sí. Tèmi ní preparing written material, ìyẹn bí èèyàn ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kó yéni, pẹ̀lú, ìwé tiẹ̀ sì wà lọ́tọ̀.

Máàkì 70 ni pásì, àmọ́ ẹ má fojú sí 70 o, torí wọ́n máa ń to àwọn tó pásì sí lísìtì bí máàkì wọn bá ṣe pọ̀ tó, àárín àwọn mẹ́ta tó bá wà lókè lísìtì náà, tí wọ́n ṣì fẹ́ iṣẹ́ náà, ni wọ́n sábà máa ń ti mú èèyàn, lísìtì ọ̀hún sì lè wà fún ọdún 1 sí 4. Èmi gba 85, wọ́n tún fi máàkì ọdún tí mo ti lò lẹ́nu iṣẹ́ kún un torí promotion, ìyẹn ìgbéga fún ẹni tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́, ni tèmi, mo wá bọ́ sí ipò kejì.

Ìwé ìjọba yẹn tí mo tẹ̀ sórí bébà látorí wẹ́bùsáìtì, tí mo fi bírò pupa kọ nǹkan sí etí ẹ̀ káàkiri, mo ti gbé e fún ọmọbìnrin tó jókòó tì mí ní ọ́fíìsì, ẹ̀sáàmù tiẹ̀ ń bọ̀ lóṣù kẹwàá. Àkókò oúnjẹ ọ̀sán la fi ń ṣe ìbéèrè báyìí, òun ló ń gbé ìtàn kalẹ̀, tiẹ̀ sì le ju tèmi lọ.